Ohun Tí Mo Sọ Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Oorun

Ẹ̀yin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú báyìí, tí ẹ fi ọwọ́ kan gbá a mú bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìrora. Mo mọ̀ ọ́n. Télọ̀ ni mí, ìtòsí ibùdókọ̀ réluwéè ní Ọ̀fà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo fẹ́ kí ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ oorun dẹ́rù bà yín, nítorí èmi sùn, mo sì jí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró síbẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Gbólóhùn kan jáde lẹ́nu mi kí n tó jí tán. Èmi ò rántí rẹ̀, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni. Eyín ti lọ láti ọjọ́ yìí, gbólóhùn yẹn ò lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo sọ ọ́ sí. Obìnrin tó tọ́ mi kọ́ ló bí mi. Ìyálé ilé wa ni. Ìyàwó kékeré ló bí mi. Ìjà dé láàárín òun àti bàbá mi, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òjòkú, ó sì fẹ́ ọkọ míì níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ìyálé gbé mi pọ̀n, kò sì sọ̀ mí kalẹ̀ mọ́. Ànàmọ́ ló ń tà fún àwọn èrò réluwéè, sísè àti díndín, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Òun ló fi mí síṣẹ́ télọ̀. Òun ló ra máṣíìnì fún mi. Ìyá ni mo ń pè é. Ẹni tó bí mi, tó máa ń wá wò wá nígbà ọdún, Àǹtí Òjòkú ni mo ń pè é. Ní agbo ilé wa, a kì í béèrè ọmọ ta ni ọmọ ta ni. Ọmọ tó bá lanu sọ pé "ṣé ìwọ lo bí mi ni?" ìgbátí ni yóò fi gbọ́ èsì.

Ràímì ni gbogbo Ọ̀fà mọ̀ mí sí. Oríkì mi ni Àkànní. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, Ìyá nìkan ló kù tó ń pè mí ní Àkànní.

Eyín ni mo fi ń já òwú. Ẹ bi télọ̀ èyíkéyìí, àìsàn wa nìyẹn. Àlùmọ́gàjí á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, ẹnu la ó gbé aṣọ sí. Ìyá kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù láìpariwo: "Àkànní, fi àlùmọ́gàjí já a! Ta ló ran eyín níṣẹ́ irin?" Èmi á rẹ́rìn-ín, èmi á tún fi eyín já òmíràn.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọrùn agbádá kan ni mo ń ṣe lọ́wọ́. Mo já òwú, pàá! Ìrora gún mi láti eyín tó kẹ́yìn pátápátá, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó dé etí. Mo fò dìde. Oníbàárà tó jókòó tì mí ní, "Télọ̀, ṣé àkeekèé ni?" Mo ní rárá, eyín ni. Ó ní, "Eyín lásán?" Háà! Ẹ má bá mi pè é ní eyín lásán o.

Kò pẹ́ tí gbogbo oníbàárà mi fi di dókítà. Ọ̀kan ní kí n fi kẹrosíìnì sí i. Mo fi sí i, ẹnu mi bó. Òmíràn ní áṣáà ni. Mo fi sí i, mo bì. Obìnrin kan tó máa ń kiri wa kòkòrò eyín kọjá, wọ́n pè é fún mi. Ó da èso kan sórí ẹyin iná, ó ní kí n lanu lé èéfín rẹ̀, ó gbé abọ́ omi sábẹ́ àgbọ̀n mi. Nǹkan funfun wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú omi. "Ẹ wò wọ́n," ó ní, "àwọn ọ̀tá yín rèé." Inú mi dùn, mo sanwó, mo tún fún un ní èènì. Kò tíì dé Ìjagbò tí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí kì-kì-kì, bí ẹni pé àwọn kòkòrò náà rán àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wá.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ràímì, ṣé ànàmọ́ Ìyá lo fi pamọ́ sẹ́nu ni?" Aṣọ Iléyá wà nílẹ̀ gègèrè, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí mo bá rán wọn tán, màá lọ ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rán èyí tó kẹ́yìn, ẹnu mi ò ṣeé là mọ́. Ṣíbí ò wọlé. Ọyún ń rùn lẹ́nu mi débi pé Sìdí ìyàwó mi máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Oyún àkọ́bí wa wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ó ti ń sún mọ́ oṣù rẹ̀, n ò sì lè bá a wí. Òórùn mi ń kó èmi fúnra mi nírìíra.

Àwọn tó wò mí l'Ọ̀fà ní eyín náà kò dúró bí eyín, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹran, ó ti ń ba egungun àgbọ̀n jẹ́. Wọ́n ní kí n máa lọ sí ọsibítù ńlá n'Ílọrin; níbẹ̀, wọ́n á fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ nílé, ilé dàrú. Alhaji Sùlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti gbé ìgò hàǹtú dání wá, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà.

"Ọ̀bẹ nínú ẹnu?" Alhaji ní. "Ẹnu tí a fi ń kírun? Ràímì, ẹni tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ kùn lóorun, ọwọ́ ta ni ẹ̀mí rẹ̀ wà? Mo mọ ẹni tó lọ bẹ́ẹ̀ tí kò bọ̀."

Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń bó ànàmọ́ lọ, kò gbójú sókè. "Alhaji, mo kí yín. Hàǹtú yẹn, á mu ún. Àdúrà yín, àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ kí òjò má pa òun, ṣebí ó ṣì ń mú agbòjò dání. Ọmọ mi ń lọ Ìlọrin."

"Bí kò bá wá jí ńkọ́, Ìyá Ràímì?"

"Èmi ni màá pè é jí."

Mo rò pé ó fi ń pa Alhaji lẹ́nu mọ́ ni. Àṣé tinútinú ló fi sọ ọ́. Ẹ mọ ìgbàgbọ́ àwọn àgbà wa: ẹni tó bá dákú, tàbí tí oorun rẹ̀ bá jìn jù, ìyá rẹ̀ ni kó fi oríkì pè é, á gbọ́, á padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó ta àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, kò sì sọ iye tó tà wọ́n fún mi. Nígbà tí mo béèrè, ó ní ariwo wọn ti ń sú òun tẹ́lẹ̀.

Ní ti Ìlọrin, ẹ tètè jí o. Bí oòrùn bá yọ kí ẹ tó dé, ẹ ti pẹ́. Àwọn èèyàn á ti to bàtà, òkúta àti búùtà àlùwàlá sórí ìlà, olúkúlùkù á sì mọ tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó múra dáadáa fẹ́ gba iwájú wa wọlé, Ìyá dì í láṣọ mú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiyín dà?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín, àti èmi tí ẹ̀rín ń fa ìrora fún. Ó bu ànàmọ́ fún àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sọ wọ́n di ará ilé. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní oògùn tí yóò fa wíwú náà lọ sílẹ̀. Ìgbà tí a padà lọ, iná ò sí, wọ́n ní ká tún máa bọ̀. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó gbà mí. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló tẹ̀ lé mi.

Ìmúra rẹ̀ kò le. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ, ẹ ò gbọdọ̀ mu, omi pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí ìyá yín bẹ̀ yín pé ẹ̀kọ díẹ̀ kò lè pa yín lára. Tí ohun tó wà nínú yín bá gòkè nígbà tí ẹ ń sùn, ó lè fún yín lọ́fun. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ tírà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá yín lọ tí yóò mú yín bọ̀ wálé. Gbogbo èyí ni mo ṣe.

Ẹyọ kan ni n ò ṣe. Dókítà eyín náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, pè mí wọlé lémi nìkan. Ó ní, "Bùọ̀dá, oorun yìí kì í ṣe oorun alẹ́ o. Bó bá ń dá lójú yín, ẹ lè máa sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń kọrin, àwọn kan máa ń bú wa. A kì í kà á sí, ẹ̀yin náà ò sì ní rántí." Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Mo jáde, ó ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n ní kò séwu." Mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i? Gbólóhùn kan péré ni mo jẹ Ìyá, tó fi di pé gbólóhùn mìíràn wá rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n gún mi lápá. Gílóòbù tó wà lókè di méjì, ó di púpọ̀, mo fẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì pé iná yín mà pọ̀ o. N ò mọ̀ bóyá mo sọ ọ́.

Ìgbà tí mo mọ ara mi, ọ̀sán ti pọ́n, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Òwú kún ẹnu mi, ètè mi wúwo, ahọ́n mi ò ṣe tèmi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún, mo wo òsì, n ò rí Ìyá. Àpò rẹ̀ wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó jáde lọ. Mo fi ọwọ́ béèrè pé síbo. Ó gbé èjìká sókè.

Ọkùnrin ará Ìjagbò kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, wọ́n sì fi wáyà di eyín òkè àti tìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Àárín eyín ló ti ń sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá lọ. Òun ló sọ fún mi.

"Ìyá yẹn dúró tì ọ́," ó ní. "Ó ń pè ọ́. Àkànní, Àkànní ọmọ Ọlálọmí, ó tó gẹ́ẹ́, máa bọ̀ nílé. O lajú díẹ̀. O ní, 'Ìwọ kọ́.' Ó tún pè ọ́. O ní, 'Ìwọ kọ́ ni ìyá mi. Ẹ lọ pe ìyá mi wá.' O sì tún sùn lọ."

Mo mi orí pé rárá. Ó ní, "Etí mi kọ́ ni wọ́n fi wáyà dì."

Ó ní Ìyá gbọ̀n mí, n ò mira. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé màá jí, kó fọkàn balẹ̀. Ìyá ní, "Kò ní jí fún mi. Ó ti sọ ẹni tí yóò jẹ́ fún." Ló bá fa ìborùn rẹ̀ ró, ó jáde.

Ìwọ! Èmi tí n ò pe Ìyá ní "ìwọ" rí láyé mi. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń rin òwú lẹ́nu mi, ojú ń tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Ohun tó mú kó burú jù, mi ò lè búra pé irọ́ lásán ni oògùn pa mọ́ mi. Nígbà tí mo kéré, bí ọkọ̀ ojú irin bá dé, mo máa ń wo ojú gbogbo obìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀. Èmi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo rò pé ó ti tán nínú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọlé. Àǹtí Òjòkú ló ṣáájú, ẹ̀rù ń bà á, eruku ọ̀nà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá wà lẹ́yìn. Bó ṣe rí i pé ojú mi là, ó kígbe, "Ó ti jí! Alihamudu lílààhì!" Ó fẹ́ sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó fi ọwọ́ rọra ti Àǹtí síwájú.

"Ìyá rẹ rèé," ó ní. "Mo ti bá ọ pè é wá."

Àǹtí di ọwọ́ mi mú. Mo ń wo Ìyá láti èjìká rẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, òwú ni mo ń jẹ. Omi bọ́ lójú mi. Ìyá rí omijé náà, ó sì gbà pé ẹkún ayọ̀ rírí ìyá mi ni mo ń sun. Ó mi orí díẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀. "Kí n máa lọ bá Sìdí," ó ní, "ó ti wọ oṣù rẹ̀." Mo na ọwọ́ sí i. Ó ti yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí Òjòkú ló mú mi padà wálé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó tọ́jú mi gan-an ni, mo sì ṣẹ òun náà, nítorí ó ti ń retí kí n pe òun ní ìyá láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì tún ń pè é ní Àǹtí títí ó fi padà sílé ọkọ rẹ̀.

Ara yíyá náà kì í ṣe eré. Ẹ̀jẹ̀ á máa sun díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, ẹ ṣáà fi eyín di òwú tó mọ́ tónítóní mú lójú ibẹ̀. Ẹ má fi sitirọ́ọ̀ fa nǹkan mu, ẹ má tutọ́ pẹ̀lú agbára. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, láti ọjọ́ kejì. Ẹ lo gbogbo oògùn tí wọ́n fún yín tán, kódà bí ó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ má jókòó sídìí máṣíìnì ní ọjọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ yẹn, ọwọ́ yín ò tíì jẹ́ tiyín. Oúnjẹ mi ni ẹ̀kọ mímu àti ànàmọ́ tí wọ́n gún kúnná pẹ̀lú epo díẹ̀. Àràárọ̀ ni Ìyá ń gún un. Sìdí ni ó ń gbé e fún kó gbé e fún mi. Òun fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ràímì, ṣé ara le?"

Ràímì.

Nígbà tí ẹnu mi ṣí dé ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbà kọjá, mo mú Sìdí, mo mú Alhaji Sùlé, a wọlé tọ̀ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, oògùn ni. Dókítà ti sọ fún mi, n ò sọ fún yín." Alhaji bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dìde, ó gbọn eruku nù ní àyà mi. "Ta ló bínú?" ó ní. "Ẹni tó sùn mọ ohun tó ń sọ ni? Mo ti gbàgbé. Lọ jẹun, Ràímì." Ó sì dárí jì mí lóòótọ́, Ìyá kì í ṣe alárankàn. Nígbà tí Sìdí bímọ, òun ló gba ọmọ náà, òun ló wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Àkànní kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo retí rẹ̀ ọjọ́ Iléyá, mo retí rẹ̀ nígbà tí mo kọ́lé. Bí mo bá ń ránṣọ, tó bá ń kọjá, kò pariwo àlùmọ́gàjí mọ́. Á kí mi, á máa lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Ara mi le. Àlàfo wà níbi tí eyín náà wà, igun ètè mi ọ̀tún kì í tètè mọ ohun gbígbóná, mo sì lè jẹ àgbàdo yíyan bó ṣe wù mí. Àlùmọ́gàjí wà lọ́rùn mi pẹ̀lú okùn. N ò fi eyín já òwú mọ́, bí kò ṣe nígbà tí mo bá gbàgbé.

Ní òjò tó kọjá yìí, Ìyá yọ̀ ṣubú nídìí kànga, ọwọ́ rẹ̀ kán. A ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun, ó kọ̀. Ọsibítù ló fẹ́. Wọ́n ní àwọn á fún un ní abẹ́rẹ́ oorun díẹ̀ kí wọ́n tó tò ó. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ìyá, ẹ lè sọ̀rọ̀ lójú oorun yẹn o. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, n ò ní gbọ́."

Ó wò mí pẹ́. "Ràímì, kí lẹ̀rù ń bà ọ́ sí?"

Mo mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹnu tèmi bá lè tú àṣírí ọkàn mi, tirẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n tò ó tán, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo pè é. "Ìyá mi. Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ onínúure, ẹ máa bọ̀ nílé." Ètè rẹ̀ mira. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Àkànní," ó ní.

"Ìyá, èmi rèé."

Ojú rẹ̀ kò là. Ó hun iwájú orí bí ẹni tí inú ń bí. "Àkànní, fi àlùmọ́gàjí já a. Ta ló ran eyín níṣẹ́ irin?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Ọ̀rọ̀ kò lè jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ òwú kankan ò sí lẹ́nu mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún títí nọ́ọ̀sì fi wá bi mí bóyá kò dára ni.

Nígbà tó jí tán, ó wò yíká, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì, ó wo ojú mi tó ti pọ́n.

"Ràímì," ó ní, "ṣé mo sọ nǹkan?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹ ò sọ nǹkan kan."